Àgbéyẹ̀wò Oúnjẹ Àfọwọ́sè fún Ẹja Inú Dígí ní Lẹ́kí àti Ajah

Ọmọ Èkó Akéte, arómisá lẹ́gbẹlẹ́gbẹ, kì í ṣe àjèjì sí ẹja. Ní orí ilẹ̀ tóóró tí òkun wà ní ọwọ́ kan rẹ̀ tí ọ̀sà sì wà ní ọwọ́ kejì, láti Lẹ́kí dé Ajah, títí tí a fi dé Ìbẹ̀jú àti Ẹ̀pẹ́, ẹja ni àwọn baba ńlá wa fi bọ́ ọmọ, òun ni wọ́n tà tí wọ́n fi kọ́lé, òun náà ni wọ́n sì fi ń ṣe àlejò. Ṣùgbọ́n ẹja tí a kì í pa jẹ, ẹja tí a kọ́ ilé dígí fún ní pálọ̀, tí a tan iná sí lórí, tí a sì ń fi ojú ọmọ wò, ohun tí ó dé bá wa láìpẹ́ ni. Lónìí, ẹni tí ó bá gba títì Lẹ́kí sí Ẹ̀pẹ́, tí ó sì yà sí ilé àwọn ọlọ́lá, sí ilé oúnjẹ tàbí sí yàrá tí àwọn aláìsàn ti ń dúró de dókítà, kò ní pẹ́ tí yóò fi bá goldfish, guppy, molly, Oscar tàbí discus pàdé nínú àpótí dígí, tí wọ́n ń lọ tí wọ́n ń bọ̀, tí wọ́n ń tu ọkàn olóhun lára.

Oúnjẹ wọn ni ó di àríyànjiyàn. Agolo tí à ń ṣí fún wọn, Jámánì, Ṣáínà tàbí Táílàńdì ni púpọ̀ nínú rẹ̀ ti ń wá, owó òkè òkun ni a sì fi ń rà á. Nígbà tí Báńkì Àpapọ̀ Nàìjíríà tú okùn ọrùn náírà sílẹ̀ ní oṣù Òkúdu ọdún 2023, tí náírà sì yọ̀ ṣòròṣòrò wá sí ìsàlẹ̀, agolo náà gun òkè ju ibi tí ọwọ́ ọ̀pọ̀ ènìyàn lè tó lọ. Láti ìgbà náà ni ìbéèrè kan ti ń lọ láti ẹnu ẹnìkan sí ẹnìkejì láàárín àwọn tí ń sin ẹja ọ̀ṣọ́: ǹjẹ́ a kò lè se oúnjẹ wọn nílé, kí a fi edé Ẹ̀pẹ́ àti ẹ̀fọ́ ọjà Ajah rọ́pò ohun tí ọkọ̀ òfurufú ń gbé wá? Èmi gbà pé a lè ṣe é, mo sì gbà pé ó yẹ kí a ṣe é. Ṣùgbọ́n ohun kan wà tí ọ̀pọ̀ ènìyàn kò kà kún, òun ni n óò sì máa tẹnu mọ́ jálẹ̀ àgbéyẹ̀wò yìí, pé ẹni tí ó bá dáná fún ẹja, ẹni méjì ni ó dáná fún: ẹja tí a ń rí, àti omi tí ń gba ohunkóhun tí ẹja bá ṣẹ́kù. Oúnjẹ tí ó bá dùn mọ́ ẹja lẹ́nu tí ó sì ba omi jẹ́, májèlé ni.

Ẹni tí ó bá rò pé agolo ni ó ti ń bọ́ ẹja inú dígí láti ìbẹ̀rẹ̀ pẹ̀pẹ̀, kò tí ì gbọ́ ìtàn. Ní ọdún 1853 ni wọ́n ṣí ilé ẹja àkọ́kọ́ tí gbogbo ènìyàn lè wọ̀ wò nínú ọgbà ẹranko ìlú Lọ́ńdọ̀nù, ṣùgbọ́n ó tó àárín àwọn ọdún 1950 kí ọ̀mọ̀wé ará Jámánì kan, Ulrich Baensch, tó gbé oúnjẹ pẹlẹbẹ wẹ́wẹ́ tí a mọ̀ sí TetraMin jáde fún títà. Gbogbo ọgọ́rùn-ún ọdún tí ó wà láàárín méjèèjì, ohun tí olúkúlùkù bá rí gún, tí ó rí lọ̀, tàbí tí ó rí wà nínú ilẹ̀, ni ẹja rẹ̀ ń jẹ. Èyí tí òkìkí rẹ̀ kàn jù lọ nínú wọn ni ti Myron Gordon, onímọ̀ ìjìnlẹ̀ kan ní ìlú New York, ẹni tí ó kó ẹja platy àti swordtail wá láti Mẹ́síkò, tí ó sì ń fi wọ́n wádìí bí àrùn jẹjẹrẹ awọ ara ṣe ń ti ara òbí wọ ara ọmọ. Ọ̀rọ̀ eré kọ́ ni ti àwọn ẹja wọ̀nyí, nítorí pé bí ìran kan bá kú, iṣẹ́ ọdún púpọ̀ ti parẹ́ nìyẹn. Síbẹ̀ ẹ̀dọ̀ màlúù tí a lọ̀ mọ́ oúnjẹ ọkà tí wọ́n ń fún ọmọ ọwọ́ ni ó fi bọ́ wọn, tí wọ́n yó, tí wọ́n sì bí sí i, tí àwọn tí ń sin ẹja káàkiri ayé sì ń pe ìlànà náà mọ́ orúkọ rẹ̀ títí di òní.

Ní ilé wa níbí pẹ̀lú, ìmọ̀ bíbọ́ ẹja kì í ṣe ọmọ àná. Ibùdó àdánwò kékeré kan ní Oníkàn ní Èkó ni wọ́n ti bẹ̀rẹ̀ sí í sin ẹja ní ọ̀nà ìgbàlódé ní ìbẹ̀rẹ̀ àwọn ọdún 1950, ilé ìwádìí ìjọba lórí òkun àti ẹja, NIOMR, tí ó wà ní Victoria Island, kò sì jìnnà sí wa. Ọdún 1975 ni wọ́n dá a sílẹ̀. Àrọ̀ àti epìyà tí a ń jẹ ni púpọ̀ nínú iṣẹ́ wọ̀nyí dá lé, ṣùgbọ́n èèyàn tí ó bá gbọ́n yóò mọ̀ pé ohun tí àwọn ọlọ́sìn àrọ̀ ti fi owó àti omijé kọ́ nípa ìdin, nípa sóyà, nípa ẹ̀pà tí ó bu àti nípa omi tí ó bàjẹ́, ogún ni fún ẹni tí ó ní goldfish mẹ́ta péré nínú pálọ̀ rẹ̀.

Ilé là á wò kí á tó sọ ọmọ lórúkọ. Kí a tó gbé ìkòkò kaná, ẹ jẹ́ kí á kọ́kọ́ bi ara wa pé, ta ni a fẹ́ bọ́? Ó dùn mí pé ọ̀pọ̀ àwọn tí ń ra ẹja láti òkè òkun kò mọ̀ pé inú odò àti irà tiwa ni díẹ̀ lára àwọn ẹja tí gbogbo ayé ń fẹ́ ti wá. Ẹja kékeré aláwọ̀ mèremère tí wọ́n ń pè ní kribensis, tí ikùn abo rẹ̀ máa ń pọ́n bí ìgbà ìbímọ bá dé, ọmọ odò gúúsù Nàìjíríà ni. Ẹja labalábá, Pantodon, tí ń léfòó lórí omi tí ó na ìyẹ́ rẹ̀ sí ọ̀tún àti òsì, ọmọ ibẹ̀ náà ni. Ẹja tí ó gùn bí okùn, tí àwọn onímọ̀ fi orúkọ Calabar sọ, inú irà etíkun láti ilẹ̀ Benin títí dé Kamẹrúùnù ni ó ń gbé, ó sì lè yọ orí síta mí afẹ́fẹ́ nígbà tí omi kò bá dára. Ẹja mẹ́ta láti ẹkùn kan náà, bẹ́ẹ̀ sì ni oúnjẹ wọn kò jọra. Kribensis ń họ ewé àti eèhọ̀ kúrò lára igi àti òkúta, ó sì ń ṣa kòkòrò wẹ́wẹ́ mọ́ ọn; ẹja labalábá kì í bẹ̀rẹ̀ mú ohunkóhun, kòkòrò tí ó bá já lulẹ̀ láti orí igi sí ojú omi ni tirẹ̀, ẹnu rẹ̀ sì kọjú sókè láti jẹ́rìí sí i; ẹja okùn ní tirẹ̀, òru ni ó ń jáde, ìsàlẹ̀ omi ni ó sì ti ń fi imú wá ekòló àti ẹran. Bí a bá se oúnjẹ kan ṣoṣo tí ó dùn tí ó sì rì sí ìsàlẹ̀, ebi yóò pa ẹja labalábá láàárín ọ̀pọ̀ yanturu.

Ẹnu ẹja ni àmì àkọ́kọ́, ìfun rẹ̀ sì ni èkejì. Ẹja tí ń jẹ ewé, ìfun rẹ̀ a máa gùn. Èyí tí ń jẹ ẹran, ìfun tirẹ̀ a máa kúrú. Goldfish, tí ó pọ̀ jù nínú ilé àwọn ará wa, kò tilẹ̀ ní àpò ikùn rárá bí a ti ní i. Bí oúnjẹ bá ti kọjá ọ̀fun rẹ̀, inú ìfun ni ó bọ́ sí tààrà, nítorí náà kò lè jẹun yó lẹ́ẹ̀kan kí ó sì fi pamọ́ di ọ̀la. Díẹ̀díẹ̀, lẹ́ẹ̀mejì tàbí lẹ́ẹ̀mẹta lójúmọ́, ni ó yẹ ẹ́, kí ewé sì pọ̀ nínú rẹ̀. Oscar ń fẹ́ ẹran. Molly ń fẹ́ ewé ju guppy lọ. Ẹni tí ó bá da gbogbo wọn pọ̀ sínú àpótí kan ti dá ìṣòro sílẹ̀ tí ọbẹ̀ kan kò lè yanjú.

Nígbà tí a bá wá mọ ẹni tí à ń bọ́, ọjà yá. Nínú gbogbo ohun tí a lè rí rà láti Jakande dé Ẹ̀pẹ́, n kò rí èyí tí ó tó edé tútù. Èròjà amúaradàgbà pọ̀ nínú rẹ̀, ọ̀rá rẹ̀ kéré, fẹ́rẹ̀ẹ́ má sí ẹja inú dígí tí kì í jẹ ẹ́, èèpo rẹ̀ sì ní èròjà pupa kan nínú tí ẹja kò lè dá ṣe nínú ara rẹ̀. Àwọn àgbà sọ pé oúnjẹ ni ọ̀rẹ́ àwọ̀. Bí ọ̀rọ̀ náà bá jẹ́ òtítọ́ fún ènìyàn, ó jẹ́ òtítọ́ ní ìlọ́po fún ẹja, nítorí pé pupa àti ìyeyè tí a ń rí lára goldfish, láti ẹnu ni ó ti wọlé, bí kò bá sì sí i nínú oúnjẹ, ẹja náà yóò máa ṣá díẹ̀díẹ̀ títí yóò fi funfun. Nítorí náà, kí a má ṣe bó edé náà tán. Kí a lọ èèpo mọ́ ọn kúnná. Edé gbígbẹ náà dára bí kò bá ní iyọ̀, ṣùgbọ́n èéfín àti ìpamọ́ pípẹ́ máa ń dín iyì rẹ̀ kù.

Epo pupa wá ńkọ́? Mo mọ̀ pé àwọn kan yóò ya ẹnu nígbà tí mo bá ní kí wọ́n ro epo mọ́ oúnjẹ goldfish, bẹ́ẹ̀ ni kò sí ohun ìyanu níbẹ̀. Ohun tí ó mú epo pọ́n ni ẹbí ohun tí ó mú kárọ́ọ̀tì àti tàtàṣé pọ́n, àwọn tí ń ṣèwádìí sì ti fi epo pupa sínú oúnjẹ àrọ̀ àti epìyà, tí wọ́n rí i pé àwọn ẹja náà ń lò ó. Ṣíbí ìmutíì kan tó fún odindi kílò kan. Bí ó bá ju bẹ́ẹ̀ lọ, yóò léfòó, yóò sì bo ojú omi tí afẹ́fẹ́ ń gbà wọlé. Epo tí a bá dá sórí iná títí tí ó fi funfun kò wúlò fún iṣẹ́ yìí, nítorí pé ohun tí a tìtorí rẹ̀ wá a ti bá iná lọ.

Ẹ̀dọ̀ màlúù tí Gordon lò ṣì dára, ṣùgbọ́n ẹni tí ó bá ti lò ó rí mọ̀ bí ó ti ń sọ omi di gbúdugbùdu. Ẹ̀ẹ̀kan lọ́sẹ̀ tó. Ọkàn màlúù ni àwọn tí ń sin discus ní Jámánì àti ní Amẹ́ríkà gbé gẹ̀gẹ̀ jù, àwọn tiwa náà sì ti ń bi àwọn alápatà Ajah léèrè rẹ̀. Èmi kò bá wọn lọ síbẹ̀. Ọ̀rá màlúù a máa dì nínú ara ẹja tí kì í ṣe ẹlẹ́jẹ̀ gbígbóná, a sì máa kó bo ẹ̀dọ̀ rẹ̀. Nígbà tí àwọn onímọ̀ sì wo inú ikùn discus tí ń gbé nínú odò Amazon, eèhọ̀, ìdọ̀tí ewé àti kòkòrò wẹ́wẹ́ ni wọ́n bá níbẹ̀ jù lọ. Òtítọ́ ni pé ọkàn màlúù máa ń mú kí ọmọ discus tètè dàgbà, ẹni tí ó bá sì ń sin wọ́n fún títà lè rí èrè níbẹ̀. Ẹni tí ó fẹ́ kí ẹja òun pẹ́ láyé, kí ó padà sí edé.

Ẹja fún ẹja ńkọ́? Ó dára, ẹran Titus tàbí epìyà tí a yọ egungun rẹ̀ jẹ́ oúnjẹ gidi, ṣùgbọ́n kí a sè é. Ìdí méjì ni. Èkíní, àwọn onímọ̀ Yunifásítì Èkó ti kọ̀wé lórí oríṣiríṣi aràn tí wọ́n bá nínú ẹja ọ̀sà Lẹ́kí, aràn ẹja tútù kò sì ní ṣàánú ẹja tí ó gbé e mì. Èkejì jinlẹ̀ ju ìyẹn lọ. Ní àwọn ọdún 1930, ní ìpínlẹ̀ Minnesota ní Amẹ́ríkà, ọkùnrin kan tí orúkọ rẹ̀ ń jẹ́ Chastek ń sin kọ̀lọ̀kọ̀lọ̀ nítorí awọ wọn, ó sì ń fún wọn ní ẹja carp tútù jẹ. Nígbà tí ó ṣe, ẹsẹ̀ wọn rọ, ọrùn wọn yí, wọ́n sì ń kú. Nígbà tí a túṣu rẹ̀ dé ìsàlẹ̀ ìkòkò, a rí i pé ohun kan wà nínú ẹja náà tí ń ba fítámínì B1 jẹ́ pátápátá, iná sì ni ó ń pa á. Ohun kan náà wà nínú ọ̀pọ̀ ẹja mìíràn àti nínú díẹ̀ lára àwọn ohun oníkarawun, ẹja tí a bá sì ń bọ́ pẹ̀lú rẹ̀ ní tútù fún ìgbà pípẹ́ yóò rí irú ìyà bẹ́ẹ̀. Kí omi hó lórí rẹ̀, ọ̀rọ̀ ti bùṣe.

Àwọn ẹ̀fọ́ wa pọ̀, ọ̀rọ̀ wọn kò sì le: tẹ̀tẹ̀, ṣọkọ, ugwu àti ewé mòríńgà dára, kí a rì wọ́n bọ omi gbígbóná fún ìṣẹ́jú díẹ̀ kí wọ́n lè rọ̀. Elégédé àti kárọ́ọ̀tì sísè náà dára. Búrẹ́dì, gààrí àti ìrẹsì kì í ṣe oúnjẹ ẹja. Wọn a máa wú, wọn a sì máa bà jẹ́ nínú omi.

Ṣùgbọ́n dandan ni kí n dúró díẹ̀ sídìí ẹ̀pà. Àwọn kan, nítorí owó, ń gún kúlíkúlì tàbí ẹ̀pà tí a ti fún òróró rẹ̀ mọ́ oúnjẹ ẹja, bẹ́ẹ̀ ni ilẹ̀ Lẹ́kí jẹ́ ilẹ̀ ọ̀rinrin, níbi tí aṣọ inú àpótí pàápàá ti ń hu èéhù nígbà òjò. Ní ọdún 1960 ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, ó lé ní ọ̀kẹ́ márùn-ún tòlótòló, èyíinì ni 100,000, tí wọ́n kú láìsí ẹni tí ó mọ ohun tí ó pa wọ́n, kí a tó rí i pé ẹ̀pà tí ó bu, tí wọ́n kó wá láti Bùràsíìlì, ni wọ́n fi bọ́ wọn. Ní àkókò kan náà, ẹja trout ní Amẹ́ríkà ń ní jẹjẹrẹ ẹ̀dọ̀ nítorí irú oúnjẹ bíbu bẹ́ẹ̀ tí wọ́n fi èso òwú ṣe. Májèlé tí èéhù yìí ń sú sínú ẹ̀pà àti àgbàdo, iná ilé ìdáná kò lè pa á tán. Ẹ̀pà tí ó bá ti yí àwọ̀ padà, tí ó kan, tàbí tí ó ní èéhù, kí a dà á nù. Kí a má ṣe sọ pé ẹja kò mọ̀.

Mo dé ibi tí ọ̀pọ̀ ìwé tí a kọ ní òkè òkun ti ń ṣi àwọn ará wa lọ́nà wàyí, ìyẹn ni ohun tí a fi ń mú oúnjẹ náà dì. Jẹ́látìn ni gbogbo wọn máa ń dárúkọ, nítorí pé ó rọrùn: a pò ó mọ́ omi gbígbóná, a rò ó mọ́ edé àti ẹ̀fọ́, a gbé e sínú fíríìjì, ó sì dì. Ní ìlú òtútù, ó ń ṣe iṣẹ́ rẹ̀. Ṣùgbọ́n nígbà tí ooru bá ti ń sún mọ́ ọgbọ̀n ìwọ̀n Sẹ́líṣíọ́ọ̀sì ni jẹ́látìn ti ń bẹ̀rẹ̀ sí í rọ̀, omi inú àpótí dígí ní Lẹ́kí, ní pálọ̀ tí kò ní ẹ̀rọ amúlétutù, a sì máa wà láàárín ìwọ̀n méjìdínlọ́gbọ̀n sí ọgbọ̀n fún púpọ̀ nínú ọdún. Nítorí náà, oúnjẹ tí ó le dáadáa nínú fíríìjì yóò tú ká lójú ẹja kí ó tó ṣí ẹnu, gbogbo ohun tí a fi owó rà yóò sì di ti omi. Ilá kò ṣe é, yíyọ̀ rẹ̀ a máa bá omi lọ. Agar, tí wọ́n ń rí láti ara koríko òkun, dára púpọ̀, nítorí pé bí ó bá ti dì, kò tún ní yọ́ àfi bí omi bá fẹ́rẹ̀ẹ́ hó. Àwọn tí ń ta èlò àkàrà òyìnbó a máa ní in, ṣùgbọ́n owó rẹ̀ kì í ṣe kékeré.

Ohun tí èmi fi ọkàn sí jù, inú ilé ìdáná ìyá wa ni ó wà: ẹyin àti oru omi. Bí a ti ń se mọ́ínmọ́ín gan-an ni. Ẹyin tí iná bá ti mú kì í tún yọ́, ì báà jẹ́ nínú omi gbígbóná, ì báà jẹ́ nínú omi tútù, òun fúnra rẹ̀ sì jẹ́ oúnjẹ. Èyí ni ìwọ̀n tí mo fọwọ́ sí fún àpótí tí goldfish, guppy àti kribensis wà: edé tútù pẹ̀lú èèpo rẹ̀, gíráàmù 400; ẹran ẹja tí kò ní egungun, gíráàmù 200; ẹ̀fọ́ tí a ti rì bọ omi gbígbóná tí a sì fún gbẹ, gíráàmù 200; kárọ́ọ̀tì tàbí elégédé sísè, gíráàmù 100; ẹyin mẹ́ta; epo pupa ṣíbí ìmutíì kan. Fún goldfish nìkan, kí ẹ̀fọ́ fẹ́rẹ̀ẹ́ tó ìdajì. Fún Oscar, kí ó dín. Kò sí iyọ̀, kò sí ata, kò sí mágì, kò sí àlùbọ́sà. Kí a lọ gbogbo rẹ̀ kúnná, kí a má ṣe bu omi sí i, kí a tẹ́ ẹ sínú àwo pẹrẹsẹ kí ó má nípọn ju ìka ọmọdé lọ, kí a sì fi oru omi sè é títí tí àárín rẹ̀ yóò fi le. Bí ó bá tutù, kí a gé díẹ̀ nínú rẹ̀, kí a jù ú sínú ife omi kan, kí a sì fi sílẹ̀ fún ìdajì wákàtí. Bí omi ife náà bá ṣì mọ́, oúnjẹ ti jinná. Bí ó bá ti di bí omi ògì, kí a fi ẹyin kan kún un nígbà mìíràn, kí a má ṣe fún ẹja ní èyí.

Kí á sọ òtítọ́, iná tí ó pa aràn àti ohun tí ń ba fítámínì B1 jẹ́ pa fítámínì C pẹ̀lú. Púpọ̀ nínú ẹja kò lè dá fítámínì yìí ṣe nínú ara wọn, bí ó bá sì wọ́n wọn fún ìgbà pípẹ́, egungun ẹ̀yìn wọn a máa tẹ̀. Àwọn tí ń sin àrọ̀ ní Amẹ́ríkà rí i bẹ́ẹ̀ ṣáájú wa. Nítorí èyí ni n kò fi sí lára àwọn tí ń sọ pé kí a ju agolo nù pátápátá. Ọ̀nà kan kò wọ ọjà: kí oúnjẹ àsè jẹ́ ti ọjọ́ mẹ́rin tàbí márùn-ún nínú ọ̀sẹ̀, kí ewé tútù tí a kò sè jinná àti kòkòrò ààyè ní ọjọ́ tiwọn, kí agolo kékeré kan sì wà fún ọjọ́ kan tàbí méjì. Bí a bá ń lò ó báyìí, agolo tí ì bá tán ní oṣù kan yóò pẹ́ gan-an, bí a bá ṣáà ti pa á dé dáadáa níbi tí ó tutù.

Ọ̀rọ̀ ìpamọ́ kò gùn, ṣùgbọ́n ó le, nítorí iná ọba. Kí a gé oúnjẹ náà sí èyí tí ó tó ọjọ́ kan kan, kí a dì í lọ́tọ̀ọ̀tọ̀ sínú ọ̀rá, kí a sì gbé e sínú fírísà. Kí a má ṣe sè ju èyí tí a óò lò tán láàárín oṣù méjì, pàápàá bí epo àti ọ̀rá ẹja bá wà nínú rẹ̀, nítorí pé ọ̀rá a máa kan nínú òtútù pàápàá. Bí iná bá lọ tí ó pẹ́, tí oúnjẹ náà sì rọ̀ pátápátá, kí a má ṣe jẹ́ kí ó tún dì kí a sì fún ẹja. Ẹni tí kò bá ní iná tí ó dúró, kí ó máa sè é ní ìwọ̀nba ọjọ́ mẹ́ta, kí ó má ṣe da ara rẹ̀ láàmú. Àwọn kan ń sá a sí oòrùn kí ó gbẹ. Ní ọyẹ́ àti ẹ̀ẹ̀rùn, ó ṣe é ṣe, ṣùgbọ́n láti oṣù Òkúdu lọ, nígbà tí òjò Lẹ́kí bá ti gbá ilẹ̀ mú, èéhù yóò ti dé ibẹ̀ kí oòrùn tó dé.

Mo padà sí ọ̀dọ̀ ẹni kejì tí à ń dáná fún. Oúnjẹ tí ẹja kò jẹ àti ìgbẹ́ èyí tí ó jẹ, àmóníà ni wọ́n ń dà nínú omi, àmóníà sì ń jó ẹja ní ẹ̀yà ìmí rẹ̀. Bí omi bá ṣe gbóná tó ni àmóníà ṣe ń le tó, bí omi bá sì ṣe gbóná tó ni afẹ́fẹ́ inú rẹ̀ ṣe ń dín kù: omi tí ó wà ní ìwọ̀n ogún lè gba nǹkan bí mílígíráàmù mẹ́sàn-án afẹ́fẹ́ ọ́síjìn nínú lítà kan, èyí tí ó wà ní ọgbọ̀n kò lè gba ju bí méje àbọ̀ lọ. Ìyẹn ni pé ẹni tí ń gbé Ajah kò ní àyè àṣìṣe tí ẹni tí ń gbé Lọ́ńdọ̀nù ní. Kí a wá rántí omi kànga ẹ̀rọ wa, tí irin pọ̀ nínú rẹ̀ ní ọ̀pọ̀ àdúgbò, tí iyọ̀ òkun sì ti wọ inú rẹ̀ ní àwọn ibòmíràn, tí pípààrọ̀ omi kò fi rọrùn bí ó ti yẹ. Àṣejù, baba àṣetẹ́. Kí a fún wọn ní èyí tí wọ́n lè jẹ tán láàárín ìṣẹ́jú mẹ́ta, kí a sì fi àwọ̀n kó ìyókù jáde lójú ẹsẹ̀, bí ó tilẹ̀ jẹ́ pé ọmọ ilé ń bẹ̀bẹ̀ pé ẹja ṣì ń wo òun. Ẹja a máa wo ènìyàn bẹ́ẹ̀ ní gbogbo ìgbà.

Oúnjẹ ààyè ni èyí tí Ọlọ́run ti sè sílẹ̀, tanwíjí sì ni olórí wọn. Kò sí ẹja kékeré tí kì í sáré tẹ̀ lé e. Ṣùgbọ́n tanwíjí tí a kò bá tètè kó, ẹ̀fọn ni, ní ilẹ̀ tí ibà ti ń pa ọmọ. Láàárín ọjọ́ méje sí mẹ́wàá ni ẹyin ń di ẹ̀fọn. Ẹni tí ó bá gbé garawa omi síta nítorí rẹ̀, kí ó fi nẹ́ẹ̀tì bò ó bí ẹyin bá ti wà nínú rẹ̀, kí ó sì kó gbogbo rẹ̀ fún ẹja kí ọjọ́ karùn-ún tó pé. Ẹni tí kò bá lè ṣe èyí, kí ó jáwọ́. Kí a má ṣe lọ bu tanwíjí tàbí ekòló pupa nínú gọ́tà. Àwọn guppy tí ó kún inú gọ́tà Èkó ń jẹ ẹ́ lóòótọ́, ṣùgbọ́n àwọn tí ìran wọn ti ń bá ìdọ̀tí gbé ni wọ́n. Ẹja inú pálọ̀ kò lè fara da àrùn tí ó bá a wá. Ekòló inú ọgbà tí a kò da oògùn sí dára, bí a bá fọ̀ ọ́ tí a sì gé e wẹ́wẹ́. Ìdin tí àwọn ọlọ́sìn àrọ̀ ń sìn ní ọ̀nà ìmọ́tótó dára fún Oscar, bí a bá rì í bọ omi gbígbóná ná.

Ó ku àwọn ọmọ wẹ́wẹ́, tí ọ̀rọ̀ wọn kò jọ ti àwọn àgbà. Ọmọ guppy àti ọmọ molly, nítorí pé ìyá wọn bí wọn láàyè, tóbi tó láti jẹ oúnjẹ àsè wa yìí ní ọjọ́ kìíní, bí a bá rin ín lúbúlúbú. Ọmọ goldfish àti ọmọ discus kò rí bẹ́ẹ̀. Pupa ẹyin sísè tí a fi aṣọ fẹ́lẹ́ sẹ́ sínú omi ni àwọn àgbà ń lò fún goldfish, ó sì ṣì dára, bí a bá fi bí orí abẹ́rẹ́ ṣe ìwọ̀n rẹ̀ tí a sì pààrọ̀ omi lójoojúmọ́. Discus ní tirẹ̀, ara òbí rẹ̀ ni ó ti ń jẹun ní ọjọ́ àkọ́kọ́, kò sí ohun tí a lè sè tí ó tó o. Lẹ́yìn èyí, Artemia ni, àwọn edé kéékèèké tí ẹyin wọn gbígbẹ ń wá nínú agolo, tí àwọn tí ń pa ẹyin àrọ̀ ní ìhà ọ̀dọ̀ wa mọ̀ dunjú. Ooru Lẹ́kí tí ó ń pọ́n wa lójú ní ibi gbogbo yòókù wá di ọ̀rẹ́ níbí: nínú omi oníyọ̀ tí afẹ́fẹ́ ń hó nínú rẹ̀, ní ìwọ̀n méjìdínlọ́gbọ̀n, wákàtí mẹ́rìnlélógún sí mẹ́rìndínlógójì tó kí wọ́n pa. Kí a fi aṣọ sẹ́ wọn, kí a fi omi tútù ṣan iyọ̀ kúrò lára wọn, kí a sì fún ọmọ ẹja ní díẹ̀díẹ̀, lẹ́ẹ̀mẹta tàbí lẹ́ẹ̀mẹrin lójúmọ́. Ọmọ kribensis lè bẹ̀rẹ̀ pẹ̀lú rẹ̀ láti ọjọ́ tí wọ́n bá ti lúwẹ̀ẹ́ tẹ̀ lé ìyá wọn. Bí ọ̀sẹ̀ méjì bá kọjá, kí a máa rin edé sísè kúnná, kí a dà á sí ibi tí ìyá náà ti ń họ ewé, wọn yóò sì mọ ohun tí wọn yóò ṣe.